Ásíìdì Kì Í Jáde ní Ṣọ́ọ̀bù Abọ́dúnrìn

"Bàbá Oníbátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú fún mi sínú ìgò yìí. Kò ju ìwọ̀n ẹnu mẹ́ta lọ."

Lateef ọlọ́kadà ni ó ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó na ìgò omi kan tí ó ti ṣófo sí Abọ́dúnrìn, ṣùgbọ́n Abọ́dúnrìn kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára bátìrì tí ó ń tú ìdérí rẹ̀.

"Lateef, ta ni ó bí ọ?"

"Ìyá mi ni, bàbá."

"Ìyá rẹ kò bí ọ kí n wá fi ìgò omi pa ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ásíìdì, kí ó gbé bátìrì rẹ̀ wá. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi dà á sí i, ojú ara mi ni n ó sì fi wò ó títí tí n ó fi dé e."

"Bátìrì wà lára ọ̀kadà, ọ̀kadà sì wà ní Kuta!"

"Kuta kò jìnnà. Tì í wá."

"Ẹ gbà mí o! Kí n ti ọ̀kadà láti Kuta dé Ìwó nítorí omi ẹnu mẹ́ta! Bàbá yìí, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń ta ọjà tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà."

Morádéyọ̀, ọmọ Abọ́dúnrìn, bú sẹ́rìn-ín níbi tí ó jókòó sí lórí àpótí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó wà ní ọdún kejì ní ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní ìlú náà. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń bá bàbá rẹ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé. Ó mọ bátìrì tí ó ti kú pátápátá yàtọ̀ sí èyí tí ebi iná ń pa. Ó mọ̀ pé inú kẹ́ẹ̀gì dúdú tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lọ́rùn ni ojúlówó ásíìdì wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó sì mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi omi là á, ásíìdì ni wọ́n ń rọra dà sínú omi. Wọn kì í da omi sínú ásíìdì láéláé.

"Omi ni onílé, ásíìdì ni àlejò," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. "Onílé ni í jókòó de àlejò. Bí onílé bá lọ já lu àlejò lójijì, ìjà ni yóò dé."

Nígbà tí Lateef ti ráhùn tán tí ó sì ti lọ, Abọ́dúnrìn nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé bátìrì ńlá méjì tí wọ́n fi ń tọ́jú iná sílé sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó dúró dè é.

"Mo ń gbé bátìrì ínfátà yìí lọ fún àwọn ará Ilé-Ogbó. Kí agogo mẹ́rin tó lù, n ó ti dé. Morádéyọ̀, ojú rẹ ni ojú mi o."

"Ẹ máa lọ, bàbá mi. Ojú mi ni ojú yín."

Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì rìn jìnnà tí Sẹ̀gilọlá fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni òun àti Morádéyọ̀ ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn olùkọ́ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kan láì pe èkejì.

"Ọmọ onímọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ọmọ oníbátìrì ni mí. Ta ni ó ní mọ́tò?"

"Bí bátìrì bá kú, ṣé mọ́tò ń rìn? Bàbá rẹ ni ó ni gbogbo mọ́tò tó wà ní Ìwó." Sẹ̀gilọlá jókòó tì í. "Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ilé-Ogbó."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tábìlì wa ni mo bá wá."

Tábìlì tí ó ń wí ni èyí tí àwọn méjèèjì fẹ́ pàtẹ ní Ọjọ́ Sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ń bọ̀. Àwọn òbí yóò wá, àwọn adájọ́ yóò wá, tábìlì tí ó bá sì gba ipò kìíní ni yóò ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo. "Ásíìdì Tí Ó Yí Wa Ká" ni wọ́n pe iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n fẹ́ fi han àwọn ènìyàn pé ásíìdì kì í ṣe ohun tí ń jóni nìkan: ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ó wà nínú awin tí àwọn ọmọdé ń lá, ó wà nínú wàrà tí ó ti kan àti nínú omi kíkan orí ògì. Omi sobo, ohun mímu pupa nì, ni wọn yóò fi dán gbogbo rẹ̀ wò: bí ásíìdì bá wọ inú sobo, yóò túbọ̀ pọ́n, bí omi eérú bá wọ inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà di bí ewé.

"Morádéyọ̀, ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ògì yìí ni yóò gbé wa dé Òṣogbo? Àwọn adájọ́ yóò ní kí a kó ẹrù wa lọ sí ọjà Odò-Orí, kí a lọ pàtẹ níbẹ̀."

"Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Fátókun fọwọ́ sí nìyẹn," ni Morádéyọ̀ wí nípa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Fátókun! Bí wọ́n bá ní kí ọkùnrin yẹn fọwọ́ sí kí oòrùn ràn, yóò ní kí oòrùn kọ́kọ́ kọ lẹ́tà wá." Sẹ̀gilọlá fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Gbọ́. Mo rí i lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n da ásíìdì lé ṣúgà lórí. Ṣúgà funfun báláú! Ó di dúdú kirikiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ga, ó ń rú èéfín, àfi bí ejò tó ń yọ orí nínú ihò. Gbọ̀ngán yóò mì, ọ̀rẹ́ mi!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ojúlówó ásíìdì ni wọ́n ń lò. A bi Ọ̀gbẹ́ni Fátókun léèrè, ó sì ní a kò gbọ́dọ̀ dán an wò."

"Ó ní a kò gbọ́dọ̀ mú ti yàrá sáyẹ́ǹsì. Kò sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú láti ibòmíràn." Sẹ̀gilọlá wo ilẹ̀kùn pákó. Ó fa ìgò gíláàsì kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

Morádéyọ̀ mi orí. "Rárá. Ásíìdì kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Lateef tó kúrò níbí kò rí gbà."

"Èmi àti Lateef ti di ẹgbẹ́?"

"N kò wí bẹ́ẹ̀."

"O ti wí i. Nígbà tí ibà dè ọ́ mọ́lẹ̀ ní oṣù méjì sí ìdánwò, ta ni ó ń kọ ìwé rẹ pẹ̀lú ti ara rẹ̀? Lateef ni? Nígbà tí wọ́n ní ìwọ ni o fọ́ fèrèsé, ta ni ó jẹ́rìí rẹ?"

"Sẹ̀gilọlá, ìwọ ni."

"Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fátókun ni n ó kọ́kọ́ fi hàn. Bí ó bá ní rárá, n ó gbé ìgò náà padà fún ọ láì tú ìdérí rẹ̀. Àwa méjèèjì ni a jọ ni tábìlì. Ṣé mo lè ṣe ohun tí yóò ba tìrẹ jẹ́ kí tèmi sì dára?"

"Búra pé wàá kọ́kọ́ bi í."

"Ọlọ́run gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Morádéyọ̀ lára. Ó dìde, ó wọ ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn pákó. Ó tú aṣọ pupa lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì, ó rọ ásíìdì náà sínú ìgò. Ó dé ìgò pinpin, ó fi aṣọ nù ún, ó dì í sínú ọ̀rá méjì.

"Fetí sílẹ̀, Sẹ̀gilọlá. Kí o má da omi sí i. Bí ó ti wù kí ó gbóná tó, bí ó ti wù kí ó rú èéfín tó, má da omi sí i."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Olùkọ́."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"N kò ní da omi sí i. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Kí agogo mẹ́rin tó lù, Abọ́dúnrìn ti dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí.

"Ẹnikẹ́ni wá?"

"Sẹ̀gilọlá nìkan ni, bàbá mi."

"Kí ni ó wá ṣe?"

"Ó kàn wá kí mi ni."

Abọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín, ó fún un ní búrẹ́dì àti àkàrà tí ó rà bọ̀. Morádéyọ̀ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ adùn rẹ̀.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn àlejò tó dé, Morádéyọ̀ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè: "Ǹjẹ́ o ti rí Ọ̀gbẹ́ni Fátókun?"

"Mo ti rí wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí a fi ti ṣúgà ṣe ìkẹyìn. Ọkàn rẹ kì í balẹ̀ ni? Jọ̀ọ́, lọ bá wa gbé omi sobo wá ní ilé ìdáná, ó ti tutù báyìí. Àwọn adájọ́ kò tíì dé ìdí wa."

Morádéyọ̀ lọ. Ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná kò sí ní ìtòsí. Ó dúró dè é títí. Nígbà tí ó fi máa gbé abọ́ sobo náà dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, ó rí i tí àwọn ènìyàn ti rọ̀gbà yí tábìlì wọn ká, ó sì gbọ́ ohùn Sẹ̀gilọlá tí ó ń dún ketekete.

"Ẹ̀yin adájọ́ wa, èmi Sẹ̀gilọlá ni mo ronú iṣẹ́ yìí, èmi nìkan ni mo sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Morádéyọ̀ rò pé etí òun ni kò gbọ́ dáadáa. Ó wo pátákó tí àwọn méjèèjì jọ kọ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Níbi tí orúkọ wọn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé funfun tuntun bò ó. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀.

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi jọ wá awin kiri, tí wọ́n jọ rẹ eérú, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n, ni ó ń kọjá lójú rẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn ènìyàn hó yèè. Ṣúgà ti ń dúdú nínú ife gíláàsì. Ó ń wú, ó ń ga, èéfín ń rú. Khàdíjàh, ọmọ kékeré kan tí ó wà ní ọdún kejì ní ìpele ìsàlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ti fún ara rẹ̀ wọ iwájú pátápátá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì kí ó lè rí i dáadáa.

Láti ìkángun gbọ̀ngán ni Ọ̀gbẹ́ni Fátókun ti figbe ta: "Ta ni ó gbé ìyẹn wá síbí? Ẹ sún sẹ́yìn! Ìwọ ọmọ yìí, fi í sílẹ̀!"

Jìnnìjìnnì bo Sẹ̀gilọlá. Èéfín náà ti ń ta á lójú, ife ti ń dún. Ó nawọ́ gán ìkòkò omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Sẹ̀gilọlá! Má da omi sí i!" ni Morádéyọ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ti dà á. Ohun tí ó wà nínú ife hó ṣàà, ó sì ta jáde. Sẹ̀gilọlá fò sẹ́yìn. Khàdíjàh kò fò. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun fò. Ó kígbe kan tí gbogbo gbọ̀ngán fi dákẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Fátókun ni ó gbé e sáré lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó wà níta, ó ki apá rẹ̀ bọ abẹ́ omi tí ń ṣàn. "Ẹ má fi òróró pa á! Ẹ má fi ohunkóhun kàn án! Omi ni, omi púpọ̀, kí ó máa ṣàn!" Ó dì í mú síbẹ̀ títí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fi dé. Morádéyọ̀ dúró sí ẹ̀yìn wọn. Omi sobo ti dà sí aṣọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ó dà á.

*

Nínú ọ́fíìsì Ìyáàfin Adéyẹmọ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Morádéyọ̀ ni ó gbé e wá, mà. Láti ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni. Òun ni ó ní kí á ṣe é. Ó ní wọ́n ti fi omi là á, kò lè jó ẹnikẹ́ni. Òun náà ni ó ní bí ó bá ti ń gbóná, kí n da omi sí i!"

Morádéyọ̀ yíjú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbá a létí, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, irọ́ sì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti pò pọ̀ bí ẹ̀wà àti òkúta.

"Morádéyọ̀, ṣé o gbọ́ ohun tí ó wí?" Ìyáàfin Adéyẹmọ bi í.

Kí ó tó dáhùn, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Abọ́dúnrìn ni, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè. Ó ṣí fìlà, ó kí ọ̀gá àgbà, ó kí Ọ̀gbẹ́ni Fátókun, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá Morádéyọ̀, ọmọ yìí ní láti ṣọ́ọ̀bù yín ni ásíìdì náà ti wá."

"Rárá, mà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mà. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní Kuta, ọ̀gá mi bu ásíìdì sínú ìgò omi, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ ti oko dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rò pé omi ni, ó gbé e mu. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú, mà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra pé ásíìdì kò ní bá ẹnikẹ́ni jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, àfi kí ó wà nínú bátìrì. Gbogbo Ìwó ni ó mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Ọmọ mi yìí náà mọ̀ ọ́n. Kò lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi ni, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa."

Ìyáàfin Adéyẹmọ mí kanlẹ̀. Òun náà mọ ọkùnrin náà. Abọ́dúnrìn ni ó ń tọ́jú bátìrì ínfátà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó yíjú sí Sẹ̀gilọlá.

"O gbọ́ ohun tí bàbá wí. Lẹ́yìn tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, o tún ń purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, n kò rí ohun tí yóò mú ọ dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí."

"Mà, n kò purọ́! Òun ni ó fún mi! Morádéyọ̀, jọ̀ọ́, sọ fún wọn!"

Gbogbo ojú yí sí Morádéyọ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà léjìká rẹ̀, ó gbóná, ó sì wúwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí. Bí ó bá ní "rárá", ó parí. Sẹ̀gilọlá yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó búra tí kò mú un ṣẹ, tí ó fi ẹ̀bi omi náà kàn án lọ́rùn, yóò jẹ ohun tí ó sè. Ta ni yóò sọ pé kò tọ́ sí i? Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì dùn.

Ṣùgbọ́n òun ni ó tú aṣọ pupa lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì. Bàbá rẹ̀ sì ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ búra lórí ohun tí kò rí.

"Bàbá mi," ni ó wí, "èmi ni mo fún un."

Abọ́dúnrìn yíjú wò ó.

"Láti inú kẹ́ẹ̀gì dúdú?" Abọ́dúnrìn bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé. Nígbà tí ẹ lọ sí Ilé-Ogbó."

"Ọjọ́ tí mo ní ojú rẹ ni ojú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Abọ́dúnrìn gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká ọmọ rẹ̀. Kò tì í, kò bú u. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò ni, Morádéyọ̀ sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹni tí wọ́n ṣí aṣọ lára rẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé kí ó da omi sí i," ni ó fi ẹkún wí. "Ohun tí mo sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó sì ṣèlérí pé Ọ̀gbẹ́ni Fátókun ni òun yóò kọ́kọ́ bi."

"Irọ́ ni!" ni Sẹ̀gilọlá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fátókun wá fọhùn. "Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkankan. Ní ti omi, gbogbo wa tí a wà ní gbọ̀ngán ni a gbọ́ ohùn Morádéyọ̀: 'Má da omi sí i.' Bí òun bá ti kọ́ ọ pé kí o dà á, kí ni ó fi ń kígbe bẹ́ẹ̀?"

Sẹ̀gilọlá tẹ orí ba.

Abọ́dúnrìn yíjú sí ọ̀gá àgbà. "Mà, mo ti pa irọ́ níwájú yín. N kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ó ti jáde. Ẹ forí jì mí. N ó ti ṣọ́ọ̀bù náà."

"Bàbá, n kò ní kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín."

"Èmi ni mo sọ ọ́, mà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́."

*

Wọ́n dá àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dúró nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì yọ tábìlì wọn kúrò nínú ìdíje. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan náà, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Abọ́dúnrìn wà ní títì. Àwọn oníbàárà ń gbé bátìrì wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, Lateef dá ọ̀kadà dúró níwájú ilé wọn.

"Bàbá, èmi ni ẹ kò lè fún ní omi ẹnu mẹ́ta, àṣé inú ilé ni ó ti ń jò!"

Abọ́dúnrìn wọlé lọ. Morádéyọ̀ tí ó ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá rẹ̀ lù ú ni, ìbá sàn fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Abọ́dúnrìn ń lọ wo Khàdíjàh, ó sì ń mú Morádéyọ̀ dání. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Kafilat, ìyá ọmọ náà, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà. Kafilat gbé aṣọ tí ó ń ká sílẹ̀.

"Dìde. Ọmọ mi ń gbádùn, Àlùhámúdùlílàhì. Wọ́n ní àpá yóò kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́. Bí o bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, òun ni kí o bẹ̀."

Khàdíjàh jókòó lórí ẹní, wọ́n ti fi báńdéèjì di apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Àǹtí Morádéyọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé yóò ta sí mi?"

"Rárá, n kò mọ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè ta sí ẹnìkan?"

Morádéyọ̀ wo báńdéèjì náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Khàdíjàh. Mo mọ̀."

Ọmọ náà mi orí, bí ẹni pé ìdáhùn náà ni ó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n padà sí ilé-ẹ̀kọ́, Sẹ̀gilọlá wá. Kò ṣe àwàdà, kò jókòó. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà.

"Mo rò pé wàá jẹ́ kí wọ́n lé mi."

"Ó kù díẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò ṣe é?"

"Nítorí bàbá mi. Kì í ṣe nítorí rẹ." Morádéyọ̀ tún ní: "Èmi náà fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Kí ló dé tí o fi bo orúkọ mi?"

Sẹ̀gilọlá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. "Ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ní kí n wo ìwọ, kí n wo bí o ti ń ṣe. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ tèmi nìkan, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Bí o bá sọ fún mi, ǹ bá ti fún ọ."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sùn." Ó nu ojú. "Ṣé a ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́?"

Morádéyọ̀ ronú sí i. Ó wá inú ara rẹ̀ wò bóyá ìbínú ṣì wà níbẹ̀. Kò rí i. Ohun tí ó rí ni ààyè òfìfo kan, níbi tí ìbínú ti kúrò tí nǹkan mìíràn kò sì tíì dé.

"N kò bínú sí ọ mọ́, Sẹ̀gilọlá. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún mi lónìí pé òjò ń rọ̀, n ó kọ́kọ́ bọ́ síta lọ wò ó."

Ó sọ ọ́ tán ni ó tó gbọ́ ohun tí ó sọ. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí bàbá rẹ̀ tí ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Bí òun ti rí sí Sẹ̀gilọlá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá òun ti rí sí òun.

Ní ọjọ́ tí Abọ́dúnrìn ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, Morádéyọ̀ bá a lọ. Eruku ti bo ohun gbogbo. Bàbá rẹ̀ ti ra àgádágodo tuntun, ó fi sí ẹnu ilẹ̀kùn pákó, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìgbàdí ṣòkòtò rẹ̀. Kò ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ojú ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe é.

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ sórí eruku náà.

"Bàbá mi, ṣé ẹ kò tíì dárí jì mí?"

Abọ́dúnrìn jókòó sórí àpótí.

"Mo ti dárí jì ọ́ láti ọ́fíìsì ọ̀gá yín. Ọmọ tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ tí yóò dójú tì í, tí ó sì rí ọ̀nà àbáyọ tí kò gbà á, ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n gbọ́, Morádéyọ̀. Ìdáríjì, ọwọ́ tèmi ni ó wà, mo sì ti fún ọ. Ìfọkàntán kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. O ti dà á nù. N kò lè bù ú fún ọ bí ẹni bu omi. Ìwọ ni yóò tún un kó jọ, díẹ̀díẹ̀, ó sì lè pẹ́."

"Sẹ̀gilọlá ni ó tàn mí, bàbá mi."

"Sẹ̀gilọlá tan ìwọ. Ta ni ó tan èmi?"

Morádéyọ̀ wo kọ́kọ́rọ́ tí ó wà ní ìgbàdí bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ dalẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ó sì dun ún dé egungun. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ tó dà á, òun ti kọ́kọ́ da ẹni tí ó fi ojú rẹ̀ ṣe ojú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ da ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé yín láti fi hàn pé ẹ fẹ́ràn òun, ẹ kọ̀ fún un. Ẹni tí kò lè gbà kí ẹ ṣe olóòótọ́ sí àwọn òbí yín, kò ní ṣe olóòótọ́ sí ẹ̀yin náà.

"Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, bàbá mi?" ni Morádéyọ̀ bi í.

Abọ́dúnrìn wo yíká ṣọ́ọ̀bù, ó wo eruku, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà," ni ó wí, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i. "Gbá a wọlé wá."